Kí Ló Ń Bọ́ Aago Yìí? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàálù Kékeré Kan ní Ṣábẹ̀ẹ́

Bàálù kékeré kan dúró lójú pápá bàálù Ṣábẹ̀ẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, imú rẹ̀ kọjú sí àwọn òkè. Cessna 172 ni, oníjókòó mẹ́rin, ó sì ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti kàn án. Ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ ilẹ̀ ṣinṣin, ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì dọ́gba, ṣùgbọ́n aago kan nínú rẹ̀ ń jẹ́rìí èké: ó ní bàálù ti fì sápá ọ̀tún. Aago sánmà ni mò ń wí, èyí tí wọ́n fi ọ̀dà búlúù kun òkè rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ kun ìsàlẹ̀, kí awakọ̀ tó wà nínú ìkúukùu tí kò rí nǹkan kan níta lè mọ ibi tí ilẹ̀ wà.

Dókítà kan ló ni bàálù náà, òun náà ló sì ń wà á. Ó ń ti Parakou bọ̀ wá sí Kútọnu nígbà tó fura sí aago yìí. Ojú ọjọ́ mọ́. Ó wo ìta, ó rí i pé òun kò fì. Ó wo aago, aago ní ó fì. Ilé ìyá rẹ̀ ni Ṣábẹ̀ẹ́, pápá sì wà níbẹ̀, DBBS ni wọ́n ń pè é nínú ìwé àwọn awakọ̀ òfuurufú káàkiri ayé, ló bá sọ̀ kalẹ̀. Ó tẹ oníṣẹ́ iná bàálù tó máa ń bá a tún un ṣe láago ní Kútọnu, ọkùnrin náà sì gba títì Ìdáàṣà gòkè wá pẹ̀lú àpò irinṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é. Mo tẹ̀ lé e láti ìyẹ́ dé imú, láti imú dé ìrù.

Oṣù July ni, àárọ̀ ni, ìkúukùu sì ti bo orí àwọn òkè. Ẹni tó bá mọ Ṣábẹ̀ẹ́ lásìkò òjò mọ ìkúukùu yìí. Ní oṣù June àti July ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ kó ẹ̀rọ wá láti Jámánì àti Faransé sí ẹ̀gbẹ́ ìlú yìí, wọ́n ń ju bàlúùnù sókè tọ̀sán-tòru, nínú iṣẹ́ ìwádìí tí wọ́n pè ní DACCIWA; àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ń ṣe irú rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Kumasi. Wọ́n rí i pé afẹ́fẹ́ tútù máa ń wọlé láti òkun lálẹ́, pé ìṣàn afẹ́fẹ́ líle kan máa ń sáré lókè díẹ̀ sí ilẹ̀, àti pé afẹ́fẹ́ yìí máa ń tutù sí i lóru títí yóò fi di ìkúukùu. Ìsàlẹ̀ ìkúukùu náà kì í ju ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan sílẹ̀ lọ, ó sì lè má túká títí di ọ̀sán. Àgbẹ̀ lè pè é ní òjìji. Awakọ̀ tí aago sánmà rẹ̀ ń purọ́ kò gbọdọ̀ bá a ṣeré.

Ìdí rẹ̀ ni pé etí ń tan ni nínú ìkúukùu. Omi inú etí tó ń sọ fún wa bóyá a dúró tàbí a fì kì í mọ̀ nígbà tí bàálù bá rọra ń yí. Ara awakọ̀ á balẹ̀, ara bàálù á sì ti máa fẹ̀gbẹ́ lọ sílẹ̀. Ní 1954, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà kó ogún awakọ̀ tí kò tíì kọ́ bí a ṣe ń fi aago nìkan wa bàálù jọ, wọ́n dí wọn lójú kí wọ́n má rí ìta, wọ́n ní kí wọ́n máa wà á lọ. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tí bàálù kò bọ́ mọ́ lọ́wọ́. Tí a bá pín àkókò wọn dọ́gba, ìṣẹ́jú àáyá 178 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé Ẹ̀gbọ́n kò fọwọ́ kan aago náà rárá nígbà tó dé. Ó kí Dókítà, ó kí bàbá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ pápá, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì kọjá sí abẹ́ ìyẹ́ òsì.

"Ẹ̀gbọ́n, aago yẹn ńkọ́?"

"Àbúrò, kí n tó bi í pé kí ló ń ṣe é, mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ń bọ́ ọ."

Ó ṣàlàyé fún mi bó ṣe ń rìn. Nínú bàálù àtijọ́ bí èyí, orísun mẹ́ta ni àwọn aago ti ń jẹun. Àwọn kan ń jẹ afẹ́fẹ́ ìta. Àwọn kan ń jẹ ìfàmu tí ẹ́ńjìnnì ń pèsè. Àwọn tó kù ń jẹ iná. Àwọn tó kàn án nígbà náà mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: bí ọ̀kan bá gbẹ, ebi kì í pa gbogbo aago pọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, torí òun ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín òun àti Dókítà kí ọ̀sán tó pọ́n.

Lábẹ́ ìyẹ́ òsì, ọ̀pá kékeré onihò kan yọ síwájú. Inú rẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí bàálù bá ń sáré, ihò kékeré míràn sì wà lára imú bàálù tí afẹ́fẹ́ ń wà nínú rẹ̀ jẹ́ẹ́. Ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì ni aago iyára ń kà. Ihò ara imú yẹn nìkan ló ń bọ́ aago gíga àti aago tó ń sọ bóyá à ń gòkè tàbí à ń sọ̀. Kò sí iná nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n bọ́ aṣọ tí wọ́n fi bo ẹnu ọ̀pá náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ọmọkùnrin kan tó ń wò wá ní kí òun fẹnu fọn ọn kí eruku jáde, Ẹ̀gbọ́n sì pariwo mọ́ ọn, torí èémí ènìyàn tó láti ba aago iyára jẹ́.

Agbọ́n ni Ẹ̀gbọ́n ń wá nínú ọ̀pá yẹn, irú èyí tó ń fi amọ̀ mọlé. Kì í pẹ́ tí bàálù bá dúró láìbo ọ̀pá yìí kí agbọ́n tó kó sí i, ní Ṣábẹ̀ẹ́ tàbí níbi yòówù. Ní 6 February 1996, Boeing 757 ti ilé iṣẹ́ Birgenair gbéra ní Puerto Plata lórílẹ̀-èdè Dominican, aago iyára ọ̀gá awakọ̀ ń purọ́, wọ́n sì já sínú òkun. Ènìyàn 189 ló kú. Ohun tí àwọn olùwádìí gbà pé ó ṣeé ṣe jù ni pé agbọ́n ti mọlé sínú ọ̀pá yẹn, torí bàálù náà ti dúró fún ọjọ́ mélòó kan láìbò ó. Ti Dókítà mọ́ tónítóní. A kọjá.

Ẹ̀gbọ́n ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì. Pọ́ǹpù kékeré kan wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì náà, kò ju ìkúùkù lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fa afẹ́fẹ́ gba inú aago méjì kọjá: aago sánmà àti aago tó ń sọ ibi tí imú bàálù kọjú sí. Afẹ́fẹ́ tí ń kọjá yẹn ló ń yí irin roboto tó wà nínú aago. Ẹ rántí òkòtó tí àwọn ọmọdé ń ta. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń pòòyì kíkankíkan, ó máa dúró gangan bí o tiẹ̀ yẹ ohun tó dúró lé lórí. Bí òòyì rẹ̀ bá ti ń rẹ̀, á máa mì, á dojúbolẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irin inú aago yìí. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní 24 September 1929, Jimmy Doolittle gbéra, ó fò, ó sì balẹ̀ nítòsí New York láìrí ìta rárá, torí wọ́n fi aṣọ bo ibi tó jókòó sí. Aago sánmà ti Sperry àti aago gíga ti Kollsman ló gbẹ́kẹ̀ lé, pẹ̀lú rédíò. Àwọn ọmọ ọmọ aago wọ̀nyẹn ló wà nínú Cessna yìí.

Èédú líle ni wọ́n fi ṣe àwọn abẹ́ tó ń yí nínú pọ́ǹpù náà, kò sì sí òróró níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní kì í ṣàìsàn kó tó kú. Lójijì ni abẹ́ máa fọ́, ìfàmu á dá, ṣùgbọ́n aago sánmà kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Irin inú rẹ̀ á ṣì máa pòòyì, òòyì náà á máa dín kù, aago á rọra máa fì, awakọ̀ tó gbà á gbọ́ á sì máa fì bàálù tẹ̀ lé e. Mel Carnahan, gómìnà ìpínlẹ̀ Missouri, kú ní 16 October 2000 nínú irú ìdààmú yìí: alẹ́ ni, ojú ọjọ́ kò dára, ọmọ rẹ̀ ló ń wa Cessna 335 náà, aago sánmà tó wà níwájú ọmọ náà sì daṣẹ́ sílẹ̀. Òmíràn wà lápá ọ̀tún. Kò gbà wọ́n.

"Ẹ wọlé, Dókítà, ẹ ta á."

Dókítà wọlé, ó tẹ ẹ́ńjìnnì, ìyẹ́ iwájú yí, eruku sọ. A jẹ́ kí ó gbóná díẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, torí aago sánmà tó bá fì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ó yẹ kí ó fì. Ìgbà tí ìfàmu bá dé tí kò bá dìde ni ẹjọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n nawọ́ sí aago kékeré kan lápá ọ̀tún tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í wò: òun ló ń wọn ìfàmu. Láàárín 4.5 sí 5.5 ló yẹ kó wà. Ó dúró sórí 3, kò lọ, kò bọ̀. Aago sánmà fì síbẹ̀, aago imú bàálù sì ń sún kúrò láyè rẹ̀ bí ẹní ń sùn.

Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀gbọ́n wọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù níta, ó sì yọ asẹ́ kan jáde. Funfun ló yẹ kí asẹ́ náà jẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ ti di ti ilẹ̀ ọ̀nà Tchaourou. Eruku ọyẹ́ ni, èyí tó ń ti aṣálẹ̀ bọ̀ lọ́dọọdún, tó ń wọ ilé, tó ń wọ oúnjẹ, kò sì ṣojú rere sí asẹ́ bàálù. Asẹ́ tuntun wà nínú àpò rẹ̀. Ó fi í sí i, ó yẹ àwọn rọ́bà tó so ó pọ̀ wò, ó gé ibi kan tó ti gbẹ tó sì ti là kúrò lẹ́nu rọ́bà kan. Wọ́n tún ta ẹ́ńjìnnì.

Ìfàmu gòkè dé 5. Aago imú bàálù jí, ó dúró sójú kan. Aago sánmà dìde díẹ̀, ó mì, ó tún fì padà sápá ọ̀tún.

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. "Ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Oúnjẹ ti dé, ẹnìkejì rẹ̀ ti jẹ, òun kò lè jẹ. Ibi tí irin inú rẹ̀ ń yí lé lórí ti gbó."

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn ju gbogbo ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà lọ. Ẹlòmíràn ì bá ti yọ aago sánmà kúrò ní kíákíá, kó fi tuntun sí i, kí tuntun náà sì tún máa fà lára asẹ́ tó ti dí, títí yóò fi fì lójú ọ̀run. Ohun méjì ló bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan sì ti bo èkejì mọ́lẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni a ti bọ́ sí àárín dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí àwọn rédíò tò sí lórí ara wọn, tọ́jọ́ orí wọn kò dọ́gba. Èyí tó wà lókè ni Garmin GNS 430, àpótí tó ní àwòrán ilẹ̀ aláwọ̀ mèremère, tó ń gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì. 1998 ló jáde, ìgbà náà ni àwọn awakọ̀ bàálù kékeré rò pé ọ̀run ti dé. Wọn ò ṣe é mọ́ láti ìgbà pípẹ́, ohun èlò tí wọ́n fi ń tún un ṣe sì ń ṣọ̀wọ́n sí i. Ní abẹ́ rẹ̀ ni rédíò ọ̀rọ̀ sísọ kan wà tó dàgbà jù ú lọ, bọ́tìnnì rẹ̀ ti dán nítorí ìka ọwọ́. Lábẹ́ ìyẹn ni ADF wà, aago tó ní ọfà kan ṣoṣo.

ADF kò mọ ju ohun kan lọ: tọ́ka sí ibi tí ilé rédíò wà. Àwọn òpó tí wọ́n fi ń darí bàálù ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ irú òpó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti pa káàkiri ayé. Dókítà ní kí wọ́n yọ ọ́ dànù, ó kan ń gbé irin lásán kiri ni. Ẹ̀gbọ́n tan án, ó yí bọ́tìnnì rẹ̀ sí 1566, níbi tí ilé rédíò oníhìnrere TWR ti ń sọ̀rọ̀ láti agbègbè Parakou. Ọfà náà wárìrì, ó yí, ó sì tọ́ka sí àríwá. Bàbá ọlọ́dẹ pàtẹ́wọ́. Dókítà kò pàtẹ́wọ́; ó ní òun kò tíì di ẹni tí yóò máa fi ìwàásù wá ọ̀nà ilé. Tèmi ni pé ó jàre níbẹ̀. Ohun tí kò bá níṣẹ́ mọ́ kó kúrò, ìwọ̀n rẹ̀ náà wúlò.

Ibi tí mo ti yà sí ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n ni ọ̀rọ̀ nípa ojú gílásì tí Dókítà fẹ́. Ó fi àwòrán rẹ̀ hàn wá lórí fóònù: gílásì fífẹ̀ kan tí gbogbo aago tó wà níwájú awakọ̀ wọ inú rẹ̀, tí òkè àti odò ń hàn nínú rẹ̀ kedere. Ó rẹwà, mi ò ní purọ́. Ó sì ń bọ̀ fún gbogbo bàálù kékeré bópẹ́ bóyá, torí àwọn tó ń tún aago oní-ìfàmu ṣe ń dín kù. Ní 2016 ni àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà gbà pé kí wọ́n máa fi àwọn aago oníná tí owó wọn kò ga sínú irú Cessna yìí. Garmin G5 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó wọ inú ihò tí aago àtijọ́ ti kúrò, dọ́là 2,000 àti díẹ̀ ni wọ́n ń tà á nígbà tó jáde.

"Dókítà, mo gbọ́," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka oúnjẹ. Ẹ ní kí n yọ pọ́ǹpù. Ẹ ní kí n yọ aago sánmà, aago imú, kí n kó gbogbo wọn sínú gílásì. Kí ló ń bọ́ gílásì?"

"Iná."

"Kí ló ń bọ́ àpótí sátẹ́láìtì?"

"Iná náà ni."

"Rédíò tí ẹ fi máa ké sí Kútọnu ńkọ́?"

Dókítà dákẹ́. Bàálù yìí ní ẹ̀rọ amúnáwá kan ṣoṣo lára ẹ́ńjìnnì, bátìrì kan ṣoṣo, okùn rọ́bà kan ṣoṣo tó ń yí i. Bí okùn yẹn bá já lójú ọ̀run, ojú tó rẹwà yẹn á máa jẹ bátìrì títí tí bátìrì á fi tán. Ìdí nìyí tí G5 fi ní àyè bátìrì tirẹ̀ lẹ́yìn, tó lè gbé e tó wákàtí mẹ́rin. Ẹni tó bá ra gílásì tí kò ra bátìrì tirẹ̀ ti sọ orísun mẹ́ta di ẹyọ kan, ó sì tún sanwó fún un. Ó tún ku bóyá iná inú bàálù yóò gbà á: Cessna 172 tó jáde ṣáájú ọdún 1978 ń lo iná fólítì 14, èyí tó jáde láti ìgbà náà ń lo 28. Àwọn kan ti ra àlòkù rédíò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìbéèrè èyí. Àti ìwé. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá wọ ihò ni òfin gbà. Ìwé gbọ́dọ̀ wà pé wọ́n fọwọ́ sí i fún irú bàálù yẹn gan-an, ANAC tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ bàálù ní Bẹ̀nẹ̀ sì gbọ́dọ̀ rí i. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n á tún bàálù gbé sórí ìwọ̀n, wọ́n á tún kọ́ńpáàsì rẹ̀ yẹ̀ wò, torí wáyà tuntun ń fà á.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n ni pé ó fẹ́ kí pọ́ǹpù dúró títí ayé. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé pọ́ǹpù kì í ṣàìsàn kó tó kú. Gílásì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bátìrì tirẹ̀ dára ju ìfàmu àtijọ́ lọ, bí owó bá wà. Bí owó kò bá tó ọ̀kan tó ní bátìrì, kí Dókítà jẹ́ kí aago oní-ìfàmu kan kù. Ṣábẹ̀ẹ́ tilẹ̀ ti rí bàálù kékeré tí inú rẹ̀ jẹ́ tuntun ju ti Dókítà lọ: lọ́dún 2016 yẹn kan náà, àwọn ará Braunschweig ní Jámánì gbé ALADINA wá, bàálù tí kò ní awakọ̀, ìyẹ́ rẹ̀ kò ju mítà 3.6, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju kílò 25. Wọ́n ti tún inú rẹ̀ tò pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ tuntun kí ó tó máa fò lábẹ́ ìkúukùu ibí.

Ìrù ni a parí sí. Ẹ̀gbọ́n ṣí pátákó kékeré kan lẹ́yìn àga, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí àpótí aláwọ̀ omi-ọsàn tó ń ké pe àwọn agbẹ̀mílà bí bàálù bá já. Ojúlówó ni, èyí tó ń lo ìgbì rédíò 406, tí sátẹ́láìtì ń gbọ́. Láti 1 February 2009 ni wọn kò ti gbọ́ èyí tó ń lo 121.5 láti òkè mọ́. Ó ka ọjọ́ tí wọ́n kọ sára bátìrì inú rẹ̀. Ó tún un kà. Ó pe Dókítà kó wá kà á fúnra rẹ̀. Ọjọ́ náà ti kọjá.

Títí di ìgbà yẹn, Ẹ̀gbọ́n kò tíì gbé ohùn sókè sí i. Ó gbé e sókè wàyí.

Ìkúukùu kò tíì là tán nígbà tó yọ aago sánmà, ó dí ẹnu rọ́bà ìfàmu tó kù kí ìyókù má baà tú, ó fi irin pẹlẹbẹ bo ihò náà, ó lẹ ìwé mọ́ ọn pé kò sí aago níbẹ̀, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé bàálù. Lójúmọmọ tí ojú ríran jìnnà, òfin gbà kí irú bàálù yìí fò láìsí i. Ó ní kí Dókítà gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin lọ sísàlẹ̀, bíi wákàtí kan ni sí Kútọnu. Kó má wọ ìkúukùu kankan, ì báà kéré tó.

"Ó dáa," ni Dókítà wí, "ẹ ṣírò gílásì náà fún mi."

"Bátìrì ìrù ni mo máa kọ́kọ́ kọ síwèé, sà. Lẹ́yìn náà, bátìrì gílásì. Gílásì ló máa kẹ́yìn."

"Ẹ kọ ọ́ kó pọ̀ díẹ̀ lórí bátìrì. Ìyàwó mi máa ń gbà bí mo bá pè é ní bátìrì."